Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà Ọlọ́sẹ̀ Mẹ́fà: Ta Ni Ó Jẹ̀bi?

Ìlú Ọ̀fà ní Ìpínlẹ̀ Kwara ni mo wà. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oríkì, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òwe. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni. Síbẹ̀, bí ẹ bá bá mi dé ìparí rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè ni ó dà nígbẹ̀yìn.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe. Mo máa ń kọ́ àwọn ènìyàn ní bí a ti ń lo àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà: Microsoft Word fún ìwé kíkọ, Excel fún ìṣirò, PowerPoint fún àwọn tí yóò sọ̀rọ̀ níwájú èrò, àti CorelDRAW fún àwọn tí ó fẹ́ máa ya káàdì ìpè àti pátákó ìkéde. Ẹ̀kọ́ náà kì í gùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni èyí tí ó wọ́pọ̀ jù. Oṣù mẹ́ta ni èyí tí ó gùn jù. Bí a bá parí, a ó tẹ ìwé ẹ̀rí, n ó fọwọ́ sí i, a ó ya fọ́tò, olúkúlùkù yóò sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Ìwé ẹ̀rí yìí ni ó kó ìtìjú bá mi.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bàbá àgbàlagbà kan wọlé tọ̀ mí wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tẹ̀ lé e, ó dorí kodò. Bàbá náà kò jókòó. Ó tẹ́ ìwé ẹ̀rí kan sórí tábìlì mi, ó ní, “Tíṣà, ṣé ọwọ́ yín rèé?” Mo wò ó. Mo ní, “Ọwọ́ mi ni, Bàbá.”

Ó wá sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà rí iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú mìíràn. Wọ́n ní kí ó to iye ọjà tí wọ́n tà sínú Excel, kí ó sì ṣe àpapọ̀ rẹ̀. Ó to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan àpapọ̀, fóònù ni ó fi ṣírò rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tẹ èsì náà sí ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá rẹ̀ yí iye kan padà nínú ìwé náà. Àpapọ̀ kò yí padà. Ọ̀gá kò fura. Ó fi àpapọ̀ tí kò tọ̀nà náà ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ń bá a dòwò pọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti dá ọmọ náà padà sílé.

Bàbá náà ní, “Tíṣà, n kò bá tìjà wá. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí owó mi rà ni.”

N kò rí èsì fọ̀. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò pa kíláàsì jẹ rí. Ó gba máàkì púpọ̀ nínú ìdánwò tí mo fún wọn. Mo ti kọ́ wọn ní bí a ti ń ṣe àpapọ̀: mo kọ ọ́ sára pátákó, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ìdánwò náà pàápàá, orí bébà ni a ti ṣe é, nítorí pé kò sí iná lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà mọ ọ̀rọ̀ náà kọ. Kò mọ ohun tí ó wà fún.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé: ta ni ó jẹ̀bi?

Ẹni àkọ́kọ́ tí gbogbo wa máa ń nàka sí ni NEPA. Orúkọ yìí ti kúrò nílẹ̀ láti ọdún 2005 tí ìjọba ti sọ ọ́ di PHCN, a sì ti pín òun náà tà fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ní ọdún 2013. Síbẹ̀ NEPA ni a ṣì ń pè é. Ọ̀ràn iná kì í ṣe ọ̀ràn kékeré. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo bẹntiróòlù fò láti nǹkan bí náírà 190 sí èyí tí ó lé ní 500 náírà fún lítà kan láàárín ọjọ́ díẹ̀. Olùkọ́ tí ó ń fi jẹnẹrétọ̀ kọ́ni ní láti yan ọ̀kan: kí ó fi kún owó ẹ̀kọ́, tàbí kí ó dín wákàtí kù. Ọ̀pọ̀ nínú wa dín wákàtí kù, a kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí méjì lọ́jọ́: wákàtí 36 ni. Bí ènìyàn méjì bá ń pín kọ̀ǹpútà kan lò, wákàtí 18 ni ọwọ́ olúkúlùkù yóò fi kan ẹ̀rọ. Bí àìsí iná bá jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ó ku 12. Bí a bá wá pín 12 yìí fún ètò mẹ́rin, wákàtí mẹ́ta péré ni ó kan Excel. Wákàtí mẹ́ta! Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ aránṣọ a máa lò ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó lè rán ojú aṣọ kan kí ó tọ́.

Nígbà kan tí mo ń ṣàlàyé ohun tí “Save” jẹ́, ọmọbìnrin kan béèrè pé, “Sà, lọ́wọ́ kí ni a ó ti gbà á là?” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Inú ilé ìjọsìn ni ó ti mọ ọ̀rọ̀ náà, ìgbàlà ni ó sì jẹ́ létí rẹ̀. Kí n tó dáhùn, wọ́n mú iná. Gbogbo ohun tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti òwúrọ̀ ṣègbé. Mo ní, “Lọ́wọ́ èyí ni.” N kò tún ní láti ṣàlàyé “Save” fún kíláàsì náà mọ́. Ẹ̀rín ni a fi pa ọ̀rọ̀ náà tì nígbà náà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè ọmọ náà ni ó yẹ kí n gbé yẹ̀ wò, kì í ṣe iná tí ó lọ.

Nítorí pé àwọn kan wà tí wọ́n ní láàpútọ́ọ̀pù tiwọn, tí àìsí iná kì í dí lọ́wọ́, tí àwọn náà sì jáde láìmọ nǹkan. NEPA ní ẹ̀bi tirẹ̀, ṣùgbọ́n NEPA nìkan kọ́.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ìyípadà àwọn ètò náà fúnra wọn. Nígbà tí Microsoft gbé Office 2007 jáde sọ́jà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, wọ́n kó àwọn orúkọ tí ó máa ń tò sí òkè ojú ẹ̀rọ kúrò nínú Word àti Excel, wọ́n sì fi ọ̀já gbọọrọ tí ó kún fún àwòrán kéékèèké rọ́pò wọn. Àwọn olùkọ́ tí ìwé ìkọ́ni wọn kún fún “lọ sí Edit, kí o tẹ̀ ẹ́” di ẹni tí ń wá ilé tí wọ́n ti wó. Láti ìgbà náà, ìyípadà kò dẹ́kun. Ilé-iṣẹ́ kan ń lo èyí àtijọ́, òmíràn ń lo èyí tí a ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹlòmíràn sì wà tí fóònù ni ó fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tí a bá fi ewúrẹ́ tí a so mọ́lẹ̀ júwe ilé fún, ọjọ́ tí wọ́n bá tú ewúrẹ́ náà ni yóò sọnù. Ewúrẹ́ ni àwa náà fi ń júwe ilé fún àwọn ọmọ wọ̀nyí: “Tẹ ibí yìí, tẹ ibẹ̀ yẹn.” A kò sọ fún wọn pé ilé ta ni.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni irú àwọn tí ń wá. Ọ̀fà kì í ṣe ìlú kékeré nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Offa Grammar School ti wà níbí láti ọdún 1943, ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ti ìjọba àpapọ̀ sì ti wà láti ọdún 1992. Nítorí náà, nínú kíláàsì ẹni ogún, ẹ ó rí akẹ́kọ̀ọ́ Pólì tí ó fẹ́ tẹ iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀. Ẹ ó rí ọmọ tí ń múra fún ìdánwò JAMB, èyí tí ó ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá láti ọdún 2015. Ẹ ó rí tíṣà tí ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó máa kó èsì ìdánwò sínú ẹ̀rọ. Ẹ ó sì rí ìyá ọlọ́jà tí ọmọ rẹ̀ ní Èkó ní kí ó wá kọ́ ọ. Ohun kan náà ni mo ń kọ́ gbogbo wọn. Ẹni tí ó fẹ́ ra iyọ̀, mo wọn gàrí fún un; ẹni tí ó fẹ́ ra epo, mo wọn gàrí fún un.

Irú ìyá ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ kan ni ó là mí lójú. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà ní ọjà Owódé, wọ́n sì ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ẹ̀kọ́ wa, mo ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní “cell” nínú Excel, mo ń sọ bí ìlà tí ó dùbúlẹ̀ ti pàdé ìlà tí ó dúró. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Màmá kò kọ nǹkan kan. Ojú ẹ̀rọ ni wọ́n ń wò. Mo bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Wọ́n ní, “Tíṣà, ṣé kì í ṣe ọpọ́n ayò nìyí?”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò lè rín in. Òótọ́ ni! Ọpọ́n ayò ní ilé méjìlá, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Ọmọ ayò mẹ́rin ni a ń kó sínú ilé kọ̀ọ̀kan nígbà tí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ọmọ ayò a máa wọlé, a máa jáde, ṣùgbọ́n ilé kì í kúrò níbi tí ó wà.

Mo gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Mo ní, “Màmá, òótọ́ ni ẹ sọ. Ojúlé ni èyí. B2 ni àdírẹ́sì ojúlé kan, B13 ni ti òmíràn, ojúlé méjìlá ni láti ọ̀kan dé èkejì. Bí ẹ bá kọ =SUM(B2:B13), ohun tí ẹ ń sọ fún ẹ̀rọ ni pé: lọ láti ojúlé B2 dé ojúlé B13, kí o kó ohun tí o bá bá níbẹ̀ jọ fún mi.”

Màmá ronú díẹ̀. Wọ́n ní, “Nígbà náà, bí mo bá yí ohun tí ó wà nínú ilé padà, yóò tún un kà?”

“Yóò tún un kà, Màmá.”

“Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí ẹ kò ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbéèrè yẹn gan-an ni ọmọ bàbá náà kò béèrè rí. Ó rò pé àwọn nọ́ńbà ni òun ń ṣírò. Kò mọ̀ pé ojúlé ni ènìyàn ń pè, kì í ṣe ẹni tí ó ń gbé inú rẹ̀. Ìyá tí kò dé ilé-ìwé gíga béèrè rẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wọn ní èdè tí wọ́n fi ń ronú. Ọmọ tí ó jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì há a sórí ní èdè tí ó fi ń ṣe ìdánwò. Níbi yìí ni mo ti rí ẹlẹ́bi kẹrin. Èmi ni.

Ohun tí mo rí yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́; wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Àwọn onímọ̀ èdè wa sì ṣe iṣẹ́ tiwọn: ìwé èdè-ìperí Yorùbá apá kìn-ín-ní jáde ní ọdún 1984 lábẹ́ àkóso Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, apá kejì sì jáde ní ọdún 1990 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì. Ìjọba ni ó ń lọ síwájú, tí ó ń lọ sẹ́yìn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé e. N kò lè dúró de ìjọba. Kíláàsì mi kò ju ẹni ogún lọ, kò sì sí ẹni tí ó ní kí n má fi Yorùbá ṣàlàyé.

Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan kọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà ni òun san owó fún, kì í ṣe Yorùbá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn lásán. Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà lójú ẹ̀rọ. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yóò sọ. Nítorí náà, n kò yí orúkọ bọ́tìnnì kankan padà. “Save” ni mo ń pè é, ṣùgbọ́n mo ń sọ pé fífi pamọ́ ni. “Copy”, ṣe ẹ̀dà rẹ̀. “Cut”, gé e kúrò níbẹ̀. “Paste”, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibí. “Undo”, dá a padà sí bí ó ti wà. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ tí bọ́tìnnì ń ṣe yóò rí i níbikíbi tí wọ́n bá gbé e sí, ìbáà jẹ́ ẹ̀dà ti ọdún 2007, ìbáà jẹ́ ti òní, ìbáà jẹ́ orí fóònù.

Ìtìjú kejì tún wà tí ó kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè gan-an. Ọmọbìnrin kan tí ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá wá tẹ iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ láìsí àmì kankan, ó ní òun yóò fi bírò fi àmì sí i bí òun bá ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ojú ìwé tí ó lé ní ọgọ́rin! Mo ti ń kọ́ni ní Word láti ọjọ́ pípẹ́, n kò kọ́ ẹnikẹ́ni rí ní bí a ti ń tẹ orúkọ ìlú tí a jókòó sí kí ó pé. Ẹ gbọ́ ọ lónìí. Nínú Word, ẹ tẹ 1EB9, kí ẹ sì tẹ Alt àti X pọ̀: yóò di ẹ. 1ECD yóò di ọ. 1E63 yóò di ṣ. Lẹ́yìn ẹ tàbí ọ, bí ẹ bá tẹ 0301 pẹ̀lú Alt àti X, àmì òkè yóò gùn ún lórí. 0300 ni ti àmì ìsàlẹ̀. Bí lẹ́tà tí ó ṣáájú nọ́ńbà náà bá jẹ́ ọ̀kan láti a dé f, ẹ fi àlàfo sí i láàárín kí ẹ̀rọ má baà kà á mọ́ ọn, kí ẹ sì pa àlàfo náà rẹ́ lẹ́yìn náà. Kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ láti kọ́ ọ.

Kí ni kí a wá ṣe? Mo sọ ohun tí èmi ń ṣe nísinsìnyí, ẹ gbé e yẹ̀ wò.

Èkíní, kíláàsì kan, iṣẹ́ kan. Ẹ̀kọ́ tí kò gùn kò burú; ẹ̀kọ́ tí kò gùn tí ó fẹ́ gba gbogbo ayé mọ́ra ni ó burú. Ẹni tí ó ń ta ọjà, ìwé owó ọjà rẹ̀ gan-an ni a ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ Pólì, iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀ ni. Bí a ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn baba wa nìyẹn: aṣọ oníbàárà ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń rí, kì í ṣe àwòrán aṣọ lára pátákó.

Èkejì, kò sí ìdánwò orí bébà mọ́. Ọ̀fà ni a wà, ìlú ìjàkadì. Ta ni ó jókòó sórí àga kọ́ ìjàkadì rí? Orí iyanrìn ni a ti ń mọ ẹni tí ó gbọ́n. Bí kò bá sí iná, a sún ìdánwò síwájú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe àpapọ̀ tán, èmi fúnra mi yóò yí iye kan padà lójú rẹ̀. Bí àpapọ̀ kò bá yí padà, kò tíì yege.

Ẹ̀kẹta, n kò kọ orúkọ ètò sínú ìwé ẹ̀rí mọ́. Ohun tí ẹni náà lè ṣe ni mo ń kọ: “Ó lè kọ ìwé owó ọjà, ó lè ṣe àpapọ̀ rẹ̀, ó lè tẹ̀ ẹ́ jáde.” Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, irú ìwé ẹ̀rí tí mo ń fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Ó ná mi lówó. Ní òpópónà kan náà pẹ̀lú mi, àwọn kan ń ṣèlérí ètò mẹ́jọ ní oṣù kan, ọ̀pọ̀ òbí sì ń lọ síbẹ̀. Kíláàsì mi ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀, oṣù mìíràn sì wà tí owó iná pàápàá kò pé. N kò ní parọ́ fún yín pé inú mi ń dùn sí i.

Ṣùgbọ́n ọmọ bàbá náà padà wá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi tún un ṣe, n kò gba kọ́bọ̀. Ní ọjọ́ tí a parí, mo ní kí ó lọ mú bàbá rẹ̀ wá. Bàbá náà dé, ó dúró lẹ́yìn ọmọ. Ọmọ yí iye kan padà, àpapọ̀ yí padà. Bàbá ní kí ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Bàbá náà kò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, “Owó mi ti ra nǹkan wàyí.”

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó san owó fún ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà níbikíbi, ẹ bi olùkọ́ ní ìbéèrè méjì: “Kí ni n ó lè ṣe fúnra mi ní ọjọ́ tí a bá parí?” àti “Ṣé ẹ lè ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ní èdè ìyá mi?” Ẹni tí kò bá lè dáhùn èkejì, ó ṣeé ṣe kí èkíní náà má yé òun fúnra rẹ̀. Mo mọ̀, nítorí pé irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.